Yàrá Aláwọ̀ Ìbẹ́pẹ Nílé Tẹ́júọlá

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Tẹ́júọlá Adémúyìwá fi bu oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ ní gbọ̀ngàn ìjẹun ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìlá Ọ̀ràngún. Tábìlì gbọọrọ gbọọrọ ló kún inú gbọ̀ngàn náà, àga wà níbẹ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò jókòó sídìí ọ̀kankan nínú wọn jẹun rí. Ìdúró ló máa ń jẹun. Bó bá ti pín oúnjẹ tán, á fẹ̀yìn ti ògiri ilé ìdáná, á gbé abọ́ sọ́wọ́ òsì, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún kó òkèlè mì wàràwàrà, nítorí ìkòkò àti abọ́ tí wọn yóò fọ̀ ń dúró dè é. Nígbà tó yá, ó ti mọ́ ọn lára débi pé nílé ara rẹ̀ pàápàá, ìdúró náà ni.

Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n fún un ní aago ògiri, wọ́n bá a ya fọ́tò. Ó délé tayọ̀tayọ̀, ó tú ìrẹsì tí wọ́n dì fún un, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ọkọ rẹ̀, Olúsọjí, tó gbé abọ́ tirẹ̀ lé itan nínú pálọ̀, gbójú sókè wò ó.

"Ìyá Hadassah, o ti fẹ̀yìn tì o. Ta ló tún ń lé ọ?"

Tẹ́júọlá wo abọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó dúró gangan. Ni ẹ̀rín bá gbé e. Ó rín in títí tí ìrẹsì fi ń já bọ́ lára ṣíbí.

"Bàbá Hadassah, ibo lẹ fẹ́ kí n jókòó sí? Ẹ̀yin ń jẹun lórí itan, èmi ń jẹun lórí ìdúró. Ilé tí a fi òógùn ojú wa kọ́, kò mà síbi tí a ti lè jẹun bí èèyàn níbẹ̀!"

"Àbí dáínìn, yàrá ìjẹun, lo fẹ́?"

Àwàdà ni Olúsọjí fi ṣe, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó ṣáná sí koríko ọ̀gbẹlẹ̀. Tẹ́júọlá gbé abọ́ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán.

"Ẹ tún un sọ."

"Kí ni mo sọ?"

"Dáínìn! Dáínìn ni mo fẹ́. Kékeré ni o, àmọ́ kó lẹ́wà débi pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á gbàgbé ohun tó bá wá."

Olúsọjí mọ ìyàwó rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Yàrá kan wà láàárín pálọ̀ àti ilé ìdáná wọn, bí a bá tilẹ̀ lè pè é ní yàrá. Nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, bíríkìlà ṣi ìwọ̀n wọ̀n, àlàfo kan bá ṣẹ́ kù tí kò tó ibùsùn, tí kò sì ṣeé gbé jù. Wọ́n fi ilẹ̀kùn tóóró kan sí i, wọ́n fi fèrèsé onírin kan sí i níhà ìwọ̀-oòrùn, wọ́n wá ń kó gbogbo ohun tí kò rí ibòmíràn gbé sínú rẹ̀: iṣu, àpò àgbàdo, agbòjò tó ti ṣẹ́, páànù tó kù lára òrùlé. Bí ẹni méjì bá wọ ibẹ̀ pọ̀, ọ̀kan ní láti mí sínú kí èkejì tó mí síta. Láàárín gbogbo ẹrù náà ni máṣíìnì Olúsọjí àtijọ́ dúró sí, ó ti dípẹtà, táyà rẹ̀ ti fọ́.

Iṣẹ́ àtúnṣe alùpùpù ni Olúsọjí ń ṣe ní Ìlá, ṣùgbọ́n máṣíìnì yìí kì í ṣe ti oníbàárà. Òun ló máa ń gùn láti Ìrẹsì, ìlú rẹ̀, wá sí Ìlá ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi nígbà tí Tẹ́júọlá ṣì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Ó máa ń sọ fáwọn ará ilé rẹ̀ nígbà náà pé ìwàásù pásítọ̀ ló ń wu òun. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Tẹ́júọlá ti fi aṣọ di imú nítorí eruku, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù síta. Iṣu bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Àgbàdo bọ́ sí abẹ́ àkàsọ̀. Nígbà tó kan máṣíìnì, Olúsọjí wá dúró níwájú rẹ̀ bí ọlọ́dẹ.

"Èyí kò ní lọ síbì kankan."

"Bàbá Hadassah, kò lè rìn mọ́ kẹ̀."

"Òun ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ."

"Ó gbé yín dé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ó wá fẹ́ bá wa jẹun ni?"

Olúsọjí fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló yọ. Ó fọwọ́ pa orí máṣíìnì náà, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i létí, ohun tó sọ kò yé ẹnì kankan, ó sì tì í lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó padà dé nírọ̀lẹ́, iná iwájú nìkan ló gbé lọ́wọ́, roboto, ó ti fi yẹ̀pẹ̀ àti epo nù ún títí tó fi ń dán bíi dígí. Ìyókù, ó ní òun ti fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun kí wọ́n máa fi kọ́wọ́.

Ó gun àpótí, ó so iná náà kọ́ àárín àjà yàrá kékeré yẹn, ó fa wáyà rẹ̀ lọ síbi bátìrì sólà tó wà ní pálọ̀. Ó ní kí Tẹ́júọlá ti ilẹ̀kùn. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Ìmọ́lẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀ láàárín yàrá, roboto, ó pọ́n bíi pupa ẹyin adìẹ ìbílẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró létí rẹ̀ bí ẹni tó dúró létí odò.

"Iná yìí ni mo fi ń wo ọ̀nà nígbà tí mo bá ń bọ̀ wá wò ọ́," ni Olúsọjí wí. "Jẹ́ ká máa fi wo ohun tí a ń jẹ."

Tẹ́júọlá kò mọ ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó jó yí ìmọ́lẹ̀ náà ká, ó ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn kó má baà tẹ̀ ẹ́. "Ibí ni tábìlì máa wà! Roboto ni yóò jẹ́, bí ìmọ́lẹ̀ yìí gẹ́lẹ́!" Ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i lọ́jọ́ náà, ẹ ó ní kí ìyá rẹ̀ wá mú un kó má baà ṣubú.

Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ mọ́. Ó pe ọmọ rẹ̀, Hadassah, ní Èkó. Hadassah kó fọ́tò oríṣiríṣi yàrá ìjẹun ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, gbogbo wọn rí bákan náà, ògiri funfun, àga aláwọ̀ eérú.

"Mọ̀mí, funfun àti eérú ló wà lóde báyìí."

"Eérú kẹ̀? Hadassah, eérú tí mo ti kó lábẹ́ àrò láyé mi ti tó gẹ́ẹ́. N kò ní tún fi owó rà á kùn sí ògiri."

"Àwọ̀ wo lẹ wá fẹ́?"

Tẹ́júọlá kò mọ̀. Ó ń rò ó bó ṣe ń dáná, ó ń rò ó nínú ìjọ nígbà tí wọ́n ń kéde. Ohun tó bá rí, ó ń wò ó pé ṣé òun lè máa jẹun nínú rẹ̀. Ó wo aṣọ àwọn akọrin, ó wo òdòdó tó wà lẹ́bàá pẹpẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó la ìbẹ́pẹ kan tó pọ́n dáadáa láti ẹ̀yìnkùlé, oòrùn sì tàn sí i. Ó dúró, ọ̀bẹ lọ́wọ́.

"Òun nìyí," ló sọ fún ìbẹ́pẹ náà.

Ó fi ọ̀rá wé ààbọ̀ rẹ̀, ó gbọ̀nà ọjà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta ọ̀dà. Ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀. "Báyìí ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀." Ọlọ́dà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ìyá náà kò ṣeré, ó ká apá aṣọ sókè. Ó da pupa rẹ́súrẹ́sú mọ́ funfun, ó pọ́n jù. Ó bu funfun sí i, ó wá funfun jù bí ẹ̀kọ. Ó tún bu èyí tó dà bí ata rodo gbígbẹ sí i. Ibi tí wọ́n ti ń wá a kiri ni ìyàwó ọlọ́dà ti wọlé láti oko pẹ̀lú ebi, ó rí ìbẹ́pẹ lórí tábìlì, ó sì rò pé àlejò ló gbé e wá. Kí ọkọ rẹ̀ tó la ẹnu, èèpo nìkan ló kù.

Ọlọ́dà gbé ọwọ́ lé orí. "Mọ̀mí, ó ti jẹ àwọ̀ yín!"

Tẹ́júọlá di etí tábìlì mú kó má baà ṣubú nítorí ẹ̀rín. "Má dààmú, ó ti wà lójú mi. Máa pò ó lọ, màá sọ fún ọ nígbà tó bá dé." Ó di ojú, ó la ojú, ó di ojú, ó la ojú, títí ó fi pariwo pé, "Ó dé!" tí àwọn oníbàárà ṣọ́ọ̀bù kejì fi yọjú wò pé ta ló dé.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtọjọ́ tó ti pẹ́, Fáòsíátù, tó ń ránṣọ ní ìdojúkọ ilé wọn, ló wá bá a kun ún. Fáòsíátù ní òun kò mọ ọ̀dà kíkùn. Tẹ́júọlá ní òun náà kò mọ̀ ọ́n, pé ìyẹn ló jẹ́ kó dọ́gba. Ẹni tó bá kọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kejì á fi orin àsáláàtù dáhùn, búrọ́ọ̀ṣì ń lọ, ó ń bọ̀, ọ̀dà ń ta sí wọn lójú àti lórí. Nígbà tí Olúsọjí dé láti ṣọ́ọ̀bù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ògiri nínú gbogbo yín?"

Ọ̀dà gbẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, oòrùn tó ń wọ̀ lọ yọjú gba àárín irin fèrèsé, ó bọ́ sára ògiri, gbogbo inú yàrá bá ràn, bí ẹni pé inú èso gan-an ni wọ́n wà. Fáòsíátù gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó wo bí awọ ara rẹ̀ ṣe di aláwọ̀ wúrà.

"Tẹ́jú," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, "àwa náà mà lẹ́wà o."

Orí Tẹ́júọlá ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ẹni tó mu ẹmu òwúrọ̀ láìtíì jẹun. Ó ní láti fara ti ògiri. Ọ̀dà sì kù díẹ̀ kó gbẹ níbẹ̀, kò mọ̀ àfi ìgbà tó délé ìjọsìn pẹ̀lú àbàwọ́n ọ̀dà lẹ́yìn ìró rẹ̀.

Káfíńtà tó gba iṣẹ́ tábìlì ni Adétúnbọ̀, ọmọkùnrin tó ti gbéyàwó, tó mọṣẹ́ dáadáa, àmọ́ tó máa ń kánjú. Igi tíìkì ló fi ṣe é, roboto, ó dán débi pé ojú ẹni ń hàn nínú rẹ̀. Òun àti Olúsọjí gbé e láti inú ọkọ̀ wọ pálọ̀. Fáòsíátù ti ṣáájú wọ inú yàrá kékeré láti máa sọ ibi tí wọn yóò gbé e gbà.

"Ẹ rọra o! Ẹ gbé e sọ́tùn-ún! Ẹ dà á dùbúlẹ̀! Ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ṣáájú!"

Tábìlì fi ẹsẹ̀ ṣáájú. Ẹsẹ̀ méjì wọlé, ìdajì orí rẹ̀ wọlé, ló bá há. Kò lọ, kò bọ̀. Wọ́n tì í, ó ké. Wọ́n fà á, ó dákẹ́. Ó dí ẹnu ọ̀nà pátápátá bí ọmọrí ìkòkò. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohùn Fáòsíátù ti wá.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, báwo ni èmi yóò ṣe jáde?"

Ẹ̀rín ti mú Tẹ́júọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀. Adétúnbọ̀ ń làágùn, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ tábìlì, lọ́wọ́ ilẹ̀kùn, lọ́wọ́ Olúsọjí. "Bàbá, mo wọn tábìlì, mo wọn yàrá. Ilẹ̀kùn ni n kò wọ̀n."

Olúsọjí ní kí ó sáré lọ mú irin tí yóò fi tú ẹsẹ̀ tábìlì náà wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Adétúnbọ̀ fò sórí ọ̀kadà. Ó pẹ́ kó tó dé, nítorí ọ̀kadà náà dẹ́nu kọlẹ̀ lọ́nà. Tẹ́júọlá gba ìta lọ sí ẹ̀yìn fèrèsé, ó ń fi ẹ̀pà gba àárín irin fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó wá bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò.

"Ṣé o nílò nǹkan míì?"

"Àkókò ìrun ìrọ̀lẹ́ ti tó. Fún mi ní búútà omi."

Tẹ́júọlá gbé búútà fún un. Fáòsíátù na ọwọ́ àti ojú síta láàárín irin, ó ṣe àlùwàlá, omi ń kán sórí ewé ata. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó kírun nínú ìmọ́lẹ̀ pupa yẹn. Tẹ́júọlá tó dúró níta bá a ṣe àmín. Lẹ́yìn náà Fáòsíátù yọjú sí fèrèsé, ó ní, "Kí ẹnikẹ́ni tó jẹun níbí, mo ti kọ́kọ́ gbàdúrà sí i. Ẹ ò ní ṣaláìní ohun tí ẹ ó jẹ." Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín.

Adétúnbọ̀ padà dé, ó tú ẹsẹ̀ tábìlì, orí rẹ̀ yí wọlé bíi táyà, Fáòsíátù bọ́ síta tòun ti ariwo. Nígbà tí wọ́n to ẹsẹ̀ náà padà, tí wọ́n sì tan iná, ìmọ́lẹ̀ bo orí tábìlì láti etí dé etí.

Ó ku ọ̀ṣọ́. Àwọn abọ́ tánganran ìyá Tẹ́júọlá wà nínú àpótí láti ìgbà tí ìyá náà ti kú, wọ́n ní òdòdó àti àkùkọ lára, etí òmíràn ti hó, a kò lè fi wọ́n jẹun mọ́, kò sì sẹ́ni tó ní ọkàn láti gbé wọn jù. Tẹ́júọlá fọ̀ wọ́n, ó fi okùn wáyà so wọ́n, ó kọ́ wọn sára ògiri, ńlá lókè, kéékèèké nísàlẹ̀, wọ́n tò bí ìgbà tí adìẹ kó ọmọ lẹ́yìn. Ní ògiri tó kọjú sí fèrèsé, ó gbé dígí fífẹ̀ kan sí, yàrá bá di méjì lójú ẹsẹ̀. Ìró àdìrẹ kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni Fáòsíátù fi rán kọ́tìnnì àti tìmùtìmù àga mẹ́rin. Aró rẹ̀ dúdú létí ògiri pupa yẹn débi pé Olúsọjí, tí kì í sọ̀rọ̀ aṣọ, bọ́ fìlà rẹ̀ láti wò ó.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá Oyèdọ̀tun ní Ìrẹsì. Ẹ̀gbọ́n Olúsọjí ni, àgbẹ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Wọ́n ní kó wá ṣí yàrá náà fún wọn lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ó dé nínú agbádá funfun. Tẹ́júọlá kúnlẹ̀ kí i, Olúsọjí dọ̀bálẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tóóró yẹn, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀, kò wọlé. Ojú rẹ̀ lọ sí àjà, ó lọ sí ògiri.

"Ìyàwó, ta ló kó abọ́ kọ́ ògiri?"

"Èmi ni, bọ̀ọ̀dá."

"Ṣé aláǹgbá ni yóò máa jẹun nínú wọn?"

"Ọ̀ṣọ́ ni, sà."

"Ọ̀ṣọ́." Ó pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń tọ́ orógbó wò. "Orí ẹní ni bàbá wa ti ń jẹun títí tó fi wọlẹ̀. Kò ní ọ̀ṣọ́, ó sì yó."

Olúsọjí sorí kọ́. Ṣùgbọ́n Tẹ́júọlá ti gbé tìmùtìmù kan, ó ń fọwọ́ gbọ̀n ọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jókòó ná. Bí kò bá tù yín lára, ẹní wà nílé, màá tẹ́ ẹ síbẹ̀ fún yín."

Oyèdọ̀tun wọlé. Ó jókòó sí etí àga bí ẹni tí yóò dìde láìpẹ́. Fáòsíátù jókòó, Olúsọjí jókòó. Tẹ́júọlá gbé iyán wọlé, ó ń rú èéfín, ó gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó fi ẹran ìgbẹ́ sè, ó gbé ẹja. Ó pín in yíká. Ó kù kí ó jókòó.

Kò jókòó. Ó rántí omi ìfọwọ́, ó lọ gbé e. Ó rántí omi mímu. Ó ní iyọ̀ kò sí lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bèèrè iyọ̀. Ó lọ, ó bọ̀. Iyán tirẹ̀ ń tutù níwájú àga òfìfo. Nígbà tó yá, ó dúró lẹ́bàá ògiri, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wo ẹnu wọn bó ṣe ń lọ, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń wo àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, inú rẹ̀ dùn, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun dúró.

Olúsọjí rí i nínú dígí. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó gba ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó fa aṣọ ìnuwọ́ kan lé apá òsì, ó sì fa àga òfìfo náà sẹ́yìn.

"Màdámù, ẹ káàbọ̀ sí dáínìn wa," ló fi ohùn ńlá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Kí ni kí n bù fún yín? A ní iyán. A ní iyán mìíràn. Bí ìwọ̀nyẹn ò bá wù yín, iyán tún wà."

Tẹ́júọlá fọwọ́ bojú. "Bàbá Hadassah, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá ń wò wá!"

"Ẹ jókòó, màdámù. Àwọn oníbàárà tó kù ń dúró."

Fáòsíátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fún ẹ̀rín, ó ń lu etí tábìlì. Tẹ́júọlá jókòó lójijì. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò mọ èwo ni kó kọ́kọ́ nù. Olúsọjí bu ọbẹ̀ fún un, ó tẹrí ba, ó tún bu ẹran lé e.

Ìgbà náà ni wọ́n rí i pé Oyèdọ̀tun ti dáwọ́ oúnjẹ dúró. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì, òkèlè ṣì wà nínú rẹ̀.

"Olúsọjí."

"Sà."

"Elizabeth, ìyàwó mi." Ó wo àga tí Tẹ́júọlá jókòó sí. "Ibi tí èmi ti ń jẹun nínú ilé yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ibi tí òun ti ń jẹ tirẹ̀, mo ń rò ó láti ìgbà tí ìwọ ti dìde yìí, n kò rí i rántí. N kò rò pé mo bèèrè rí."

Tẹ́júọlá na ọwọ́, ó fi kan apá agbádá rẹ̀. Bàbá náà gbé òkèlè rẹ̀ mì, ó mí kanlẹ̀, ó wá ti abọ́ rẹ̀ síwájú.

"Bu ẹran kún ti ìyàwó. Nígbà tí o bá ṣe tán, alásè, bu kún tèmi náà. Tèmi kò pọ̀ tó ti Fáòsíátù, mo ti ń wò ó tipẹ́."

Ẹ̀rín tó bú jáde lọ́tẹ̀ yìí, àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ. Àwọn abọ́ ara ògiri ń mì. Wọ́n jẹ, wọ́n tún jẹ. Olúsọjí kò jókòó àfi ìgbà tí Tẹ́júọlá ní òun ti yó, síbẹ̀ orí àga náà ni ìyàwó rẹ̀ wà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìgbọ̀nwọ́ lórí tábìlì, ọwọ́ ọbẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó ń sọ̀rọ̀, kò dìde gbé nǹkankan. Oòrùn wọlé láti fèrèsé, agbádá funfun Oyèdọ̀tun di aláwọ̀ ìbẹ́pẹ. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó tún fìlà gẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ ń ṣú, pé ọ̀nà Ìrẹsì jìn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí oòrùn náà kọ́kọ́ kúrò lára òun.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí fóònù Tẹ́júọlá fi dún.

"Ìyàwó, kí lorúkọ ọ̀dà yẹn?"

"Kò lórúkọ, bọ̀ọ̀dá. Ìbẹ́pẹ ni."

"Ṣé ó kù?"

"Ó kù díẹ̀, sà."

"Ẹ gbé e máa bọ̀."

Ni òun àti Fáòsíátù bá fi ọ̀kadà méjì wọ Ìrẹsì, garawa ọ̀dà wà láàárín itan Tẹ́júọlá, ó ń fi ọwọ́ kan di gèlè mú, ó sì ń bá ọlọ́kadà sọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Oyèdọ̀tun mú wọn lọ sí yàrá kan lẹ́yìn ilé, níbi tí Elizabeth ti máa ń kó ẹ̀pà sí. Yàrá náà kéré ju ti Tẹ́júọlá lọ. Láàárín rẹ̀, lórí agbọ̀n kan, adìẹ dúdú kan sàba lé ẹyin rẹ̀, ó fi ojú kan wò wọ́n tìkàtìkà.

"Ẹ má lé e," ni Oyèdọ̀tun wí. "Ó ku díẹ̀ kó pamọ. Ẹ kùn ún yí i ká ná."

Tẹ́júọlá wo ògiri. Ó wo fèrèsé, ó wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń fẹ́ẹ́ gbéra nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Fáòsí," ló wí, ó ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, "wọn ilẹ̀kùn."